Ọ̀nà Ló Ja Ogun Kírìjì

Ìbọn àti ẹ̀tù ni àwọn ará Ìbàdàn lọ rà tí ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún fi bẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1877, Ààrẹ Ọbadókè Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú etí ọ̀sà tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, èyí tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, pé kí wọ́n ra ohun ìjà wá. Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn rárá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò náà ń padà bọ̀, Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, Ààrẹ kó ogun ja oko Ẹ̀gbá. Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun sì dí pa mọ́ Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá dárúkọ ogun yìí, Ogun Kírìjì, lónìí, orúkọ akọni ló ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: Ògèdèǹgbé, Fábùnmi, Látòósà. A ó sọ̀rọ̀ oògùn, a ó sọ̀rọ̀ ẹni tí ọta kò ràn. Kò burú, akọni ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n akọni náà ń jẹun, ìbọn akọni náà sì ń gba ẹ̀tù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí apá ẹnì kan kò fi ká ẹnì kejì, kó fi akọni sílẹ̀ ná, kó wo ẹni tó ń bọ́ ọ, ibi tí ìbọn rẹ̀ ti ń wá, àti ọ̀nà tí ẹrù rẹ̀ ń gbà.

Ẹni tó ń jà àti ẹni tó ń bọ́ ọ

Láyé àtijọ́, ogun Yorùbá kì í pẹ́ lójú oko. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jáde, nígbà tí odò ti fà, tí iṣẹ́ oko sì ti dínkù. Bí òjò bá ti ṣú, kóńkó jabele, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń pín oúnjẹ fún jagunjagun. Kálukú ló ń gbé tirẹ̀ dání: ẹ̀wà yíyan àti àkàrà líle tí kò tètè bàjẹ́. Tí ìyẹn bá tán, oko ọ̀tá ló kù tí wọ́n á yà sí. Ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ogun tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti tán ti parí nìyẹn.

Ìbàdàn ló yí ètò yìí padà. Ìlú jagunjagun ni, wọ́n sì sọ ogun di iṣẹ́. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ní ẹrú tirẹ̀, ó sì ní oko ńlá tirẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n bá kó lẹ́rú, àwọn kan á di jagunjagun nínú ilé ẹni tó mú wọn, àwọn yòókù á lọ sí oko, wọ́n á máa gbin iṣu àti àgbàdo, wọ́n á sì máa fún epo. Epo àti ekuro yìí ni wọ́n ń tà sí etí òkun. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀, ìbọn náà ni wọ́n sì tún ń gbé lọ kó ẹrú sí i. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ṣẹ́gun, ogun ń bọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ìṣẹ́gun bá dáwọ́ dúró ni gbèsè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin ló di apá tó pọ̀ nínú ètò yìí mú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ló lókìkí jù nínú wọn. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá, sọ pé ẹrú tó wà ní oko obìnrin yìí nìkan tó 2,000, láìka àwọn tó wà nílé. Ó ń kó ohun ìjà fún àwọn olóyè ogun láwìn. Nígbà tí ìjà dé láàárín òun àti Látòósà, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà tí òun wà lójú ogun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ wo ẹ̀sùn kejì yẹn dáadáa. Àìfi oúnjẹ ránṣẹ́ sójú ogun ti di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́dún 1874 wọ́n gba oyè náà lóòótọ́, wọ́n ti ẹrú rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì pa á nínú ilé ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ wọ ogun tó gùn ju gbogbo èyí tí Ìbàdàn ti jà rí lọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀tù wín ìlú kò sí mọ́.

Ìlú kan, ojú ogun márùn-ún

Lọ́dún 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú rẹ̀. Inú ti ń bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tó wà lábẹ́ Ìbàdàn, tipẹ́, nítorí ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ wọ́n run: wọ́n ń kó ẹran, wọ́n ń kórè oko olóko, wọn kò sì bọ̀wọ̀ fún aya aláya. Ọ̀tẹ̀ ràn bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó Ìbàdàn pàdé ogun Ìlọrin, Ìlá àti Èkìtì ní Ìkìrun, ó sì fọ́ wọn yángá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ ló bá odò Ọ̀tìn lọ. Ogun Jálumi ni wọ́n ń pè é títí dòní. Bó bá jẹ́ pé ìgboyà àti ìmọ̀ ogun ló ń parí ìjà, ọjọ́ yẹn ni ìjà ìbá ti parí.

Kò parí, nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ṣì ní èèyàn tí wọ́n lè kó jọ. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn aládùúgbò wọn ṣe ara wọn lọ́kan, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fi Ògèdèǹgbé, Sẹ̀rìkí Ìjẹ̀ṣà, ṣe olórí ogun. Ìbàdàn ti mú ọkùnrin yìí lẹ́rú rí, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀ nípa ogun. Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín òkè. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ. Ilẹ̀ tó wà láàárín àgọ́ méjèèjì, tí a mọ̀ sí Kírìjì, ni wọ́n ti ń yìnbọn lu ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bó bá jẹ́ Kírìjì nìkan ni Ìbàdàn ń jà, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ìlọrin dó ti Ọ̀fà ní àríwá, Ìbàdàn sì gbọ́dọ̀ ran Ọ̀fà lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlẹ́ṣin Ìlọrin á já sí wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbá wà ní ìwọ̀-oòrùn, Ìjẹ̀bú wà ní gúúsù, wọ́n ń jí àgbẹ̀ gbé lóko. Nígbà tó di 1882, Ilé-Ifẹ̀ náà dara pọ̀ mọ́ Èkìtìparapọ̀, Mọdákẹ́kẹ́ tó fara mọ́ Ìbàdàn sì di ojú ogun karùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò ní ibì kan láti fi dí ibòmíràn, àyè rẹ̀ á ṣófo. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko láìsí ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti dín ọmọ ogun kù. Èyí tí kò bá sì lọ rárá, oúnjẹ ló dínkù.

Ohun kan tún wà tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ fún Ìbàdàn. Ogun tí kò ṣí lọ síwájú kò mú ẹrú wá, ẹrú tí kò wá kò lè gbin iṣu tàbí fún epo, epo tí kò sí kò lè ra ẹ̀tù. Àwọn ìlú abẹ́ Ìbàdàn ní ìhà Ọ̀ṣun ń fi ọmọ ogun àti oúnjẹ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára wọn ní òpin. Ètò tó gbé Ìbàdàn ga fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ ní Kírìjì.

Ìbọn tí àgbẹ̀dẹ kò lè bọ́

Ṣakabùlà ni ìbọn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń lò nígbà náà. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á ju ọta sí i, á tún kì í, á wá da ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú iná rẹ̀ kó tó fà á. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lè yìn láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí òjò bá pa ẹ̀tù rẹ̀, igi lásán ló mú lọ́wọ́. Àmọ́ ìbọn yìí ní àǹfààní kan: alágbẹ̀dẹ ilé lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi irin rọ ọta rẹ̀, wọ́n sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe.

Snider kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún ọmọ ogun wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í, ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ jọ wà nínú idẹ kan ṣoṣo, òjò kò sì tètè rí i gbé ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ fíìfíì. Jagunjagun Ìbàdàn gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọ̀tá kí ìbọn rẹ̀ tó wúlò. Kó tó súnmọ́ tán, ọta Snider á ti bá a.

Ta ló ra Snider fún Èkìtìparapọ̀? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí oko ẹrú: àwọn kan padà wálé láti Sàró, àwọn mìíràn láti Brazil. Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kó tó padà sí Èkó, wà lára aṣáájú wọn. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pàdé fún àdúrà. Nígbà tí ogun dé, ẹgbẹ́ àdúrà di ẹgbẹ́ tó ń dá owó jọ, tó ń ra ìbọn àti ọta, tó ń wá ọ̀nà tí ẹrù á gbà dé ilé, tó sì ń bá ìjọba Èkó sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tó wà lójú ogun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó àwọn tí ogun ti tà sí oko ẹrú rí ló wá ra ìbọn tí kò jẹ́ kí ogun tún kó àwọn èèyàn wọn.

Síbẹ̀, ìbọn yìí fi ìdè mìíràn sí Èkìtìparapọ̀ lọ́rùn. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ ọta onídẹ ní Iléṣà tàbí ní Adó. Gbogbo èyí tí wọ́n bá yìn gbọ́dọ̀ ti Èkó wá, Èkó náà sì ń rà á lọ́wọ́ òyìnbó. Ọta tí wọ́n yìn tán ní ìṣẹ́jú kan ti rin ọjọ́ púpọ̀ lórí alárù kó tó dé àgọ́. Ojú tèmi ni pé èyí wà lára ìdí tí Èkìtìparapọ̀ fi lè dá Ìbàdàn dúró, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè lé wọn padà sílé. Snider dára púpọ̀ fún ẹni tó jókòó sórí òkè tó ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jìnnà sí ibi tí ọta ti ń wá, ọ̀nà rẹ̀ á gùn sí i, ẹrù rẹ̀ á sì wọ́n sí i. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà rí díẹ̀ rà nínú irú ìbọn yìí, ìyẹn sì tún jẹ́ kí ìjà dọ́gba.

Ẹrù orí àti owó bodè

Nínú igbó wa, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í pẹ́ kú nítorí eṣinṣin tsetse. Orí èèyàn ni ọkọ̀. Alárù kan lè ru nǹkan bíi kílò 25 sí 30. Ẹni tó ru ẹ̀tù láti etí ọ̀sà dé Ìmẹ̀sí-Ilé á jẹun lálọ, á jẹun lábọ̀, á sanwó fún oníbodè ní ìlú dé ìlú, á sì ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn, ẹ̀ṣọ́ náà á tún jẹun. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ẹ̀tù tí owó kan náà lè gbé dé ojú ogun ń dínkù. Iyọ̀ náà ń bá ẹ̀tù du orí alárù, nítorí etí òkun kan náà ni méjèèjì ti ń wá.

Ọ̀nà tó wá gba gbogbo ẹrù yìí kì í ṣe ọ̀nà ogun látilẹ̀wá. Lọ́dún 1872, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà kan ní ìhà ìlà-oòrùn, kí òwò Èkó má baà wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú nìkan. Ọkọ̀ omi á gba orí ọ̀sà dé Àtìjẹrẹ, ẹrù á gba Ayésàn dé Oǹdó, láti ibẹ̀ á pín sí Òkè-Igbó, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà tiwọn, gbogbo ojú yí sí ọ̀nà Oǹdó. Snider Èkìtìparapọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ìbàdàn náà ń kó ọ̀wọ́ oníṣòwò pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ lọ sí Òkè-Igbó láti lọ ra iyọ̀ àti ẹ̀tù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń bọ́ ọ̀tá méjì. Ìgbà tí Ifẹ̀ kọ̀yìn sí Ìbàdàn ní 1882 ni ọ̀nà Òkè-Igbó wá di eléwu fún wọn, nítorí Ifẹ̀ wà lágbedeméjì.

Ọ̀nà tí wọ́n tì kò sì yọ ẹni tó tì í sílẹ̀. Oníṣòwò ni Ìjẹ̀bú, àárín òkè àti etí ọ̀sà ni wọ́n ti ń jẹun. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀ ló di ọ̀nà mú, ó ní kò sí ohun tó máa dé Ìbàdàn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wà ní àgọ́ rí i pé ọjà tiwọn náà ti tú. Wọ́n kọ̀ ọ́, ọba sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1883, kò sì padà sórí ìtẹ́ mọ́ títí tó fi kú.

Àwọn tó wà ní àgọ́ kò dúró de ọ̀nà nìkan. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà. Àwọn ìyàwó ń gbé oúnjẹ wá láti ilé, wọ́n ń ta ọjà nínú àgọ́, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ru ẹrù ẹ̀tù nígbà tí ogun fi parí. Ogun tó bá ti rí ibi tí á ti máa jẹun, tí kò sì rí ohun tí á fi ṣẹ́gun, ibẹ̀ ló máa jókòó sí.

Bó ṣe parí

Ààrẹ Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì àti Èkó, títí ìwé àdéhùn fi jáde ní 1886. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n kéde àlàáfíà ní Kírìjì níwájú àwọn aṣojú gómìnà Èkó. Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn. Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò fi Ọ̀fà sílẹ̀, wọ́n gbà á ní 1887, ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ kò sì yanjú. Bí ogun Ìbàdàn kò ṣe lè tú ká wálé nìyẹn, wọ́n dúró sí Ìkìrun.

Ẹni tó parí rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó ń jà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá sí Ìmàgbọ̀n, wọ́n fọ́ ogun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Gilbert Carter rin ilẹ̀ Yorùbá já, ó tú àgọ́ Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká. Kò sí ogun ńlá kan tí wọ́n jà kó tó ṣe é. Gbogbo ẹni tó wà ní àgọ́ ló mọ̀ pé ẹni tó ni Èkó, tó tún ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ló ni ẹ̀tù gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó wọ Ìbàdàn, ó ń kó epo àti ekuro lọ sí etí òkun, láìsí oníbodè tó lè dá a dúró.

Òfin tí Kírìjì kọ́ wa, pé ẹni tó ni ẹ̀tù àti ọ̀nà ló ni ogun, kò tíì yí padà. Nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni. Láìpẹ́, ọta àgbá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣèlérí ọta mílíọ̀nù kan fún Ukraine láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2024 pé, wọn kò rí i pé, nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti dín kù láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tún kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kí a má jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Láti 2009 ni Nàìjíríà ti ń bá Boko Haram jà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ọkọ̀ òfuurufú kan gbé owó dọ́là mílíọ̀nù 9.3 láti Nàìjíríà lọ sí South Africa láti fi ra ohun ìjà, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọkọ̀ òfuurufú ìjà Super Tucano tí a fẹ́ rà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ọdún 2021 ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn fi balẹ̀ sí ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1964 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ ohun ìjà DICON sílẹ̀ ní Kàdúná. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a ṣì ń fi owó rán èèyàn lọ sí Àjàṣẹ́ tòde òní, à ń gbàdúrà kí wọ́n má dá wọn lọ́nà.

Ìgboyà kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá rí, kò sì wọ́n nínú àwọn ọmọ ogun wa lónìí. Ohun tó wọ́n ni ilé iṣẹ́, oko àti ọ̀nà. Ẹni tí kò lè ṣe ìbọn tó fi ń jà, tí kò sì ni ọ̀nà tí oúnjẹ rẹ̀ ń gbà, òun kọ́ ló ni ogun náà. Ẹlòmíràn ló fi wín in, ẹni tó fi wín in ló sì máa sọ ọjọ́ tí á parí.